Máìkì àti Ohùn Akọrin: Láti Ẹnu Ìwo Gíramafóònù dé Yàrá Ìlọrin

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti kọ̀wé nípa orin Yorùbá ti sọ púpọ̀ nípa akọrin, nípa ìlù àti nípa ọ̀rọ̀ inú orin. Ohun kan tí wọn kì í sábà kà sí ni ohun èlò tí ó dúró láàárín ẹnu akọrin àti etí olùgbọ́. Máìkì ni ohun èlò náà. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òun ni ó ń pinnu ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú ohùn ènìyàn lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti dákẹ́. Ní Ìlọrin lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé-iṣẹ́ rédíò àti ti ilé-iṣẹ́ àwo nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ ọmọ ilé tí ó fẹ́ gba ohùn bàbá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ nínú yàrá, ó ti di ọ̀rọ̀ akọrin wákà tí ó ní kọ̀ǹpútà kan àti owó díẹ̀ lọ́wọ́. Irú máìkì wo ni kí ó rà? Ìbéèrè yìí jọ ti ọlọ́jà lásán, ṣùgbọ́n ìtàn wà nídìí rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn náà lè ná owó ńlá lórí ohun tí kò ní í ṣe é ní àǹfààní.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láìsí máìkì rárá. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó bí bàbá Fẹlá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ gíramafóònù sì gba orin rẹ̀ sí ojú àwo 43 lábẹ́ àmì Zonophone. Bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà yàtọ̀ pátápátá sí ti òde òní. Akọrin yóò kọjú sí ẹnu ìwo ńlá kan tí a fi páànù ṣe. Ní ìdí ìwo náà, níbi tí ó ti tín-ín-rín, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Abẹ́rẹ́ so mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ náà sì ń gbẹ́ ìlà sí ara àwo tí a fi ìda ṣe bí àwo ti ń yí. Iná mànàmáná kò kópa nínú gbígbé ohùn dé ojú àwo. Èémí àlùfáà náà fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ohùn rẹ̀ sínú ìda.

Irú ìwo bẹ́ẹ̀ kò gba ti ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré rò. Ẹni tí ó bá ń kọrin jẹ́jẹ́, bí ìyá tí ń rẹ ọmọ, kò lè ní agbára tí yóò mi abẹ́rẹ́. Ìlù ńlá ní tirẹ̀ lè mú abẹ́rẹ́ fò kúrò lójú ìlà, nítorí náà wọ́n máa ń gbé e jìnnà sí ìwo tàbí kí wọ́n má lò ó rárá. Kì í ṣe gbogbo orin ni ó lè wọ inú ìwo. Ìwo ni ó ń yan orin, ohùn gbọ̀ngbọ̀n oníwàásù sì wà lára ohun tí ó yàn.

Ohun tí ìwo náà ṣe sí èdè tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju èyí lọ fún àwọn tí ń kọ́ nípa Yorùbá. Ìgbọ̀nrìrì tí ìwo lè gbé kò ju láti bí 250 dé bí 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni etí ọmọdé lè gbọ́ dé bí 20,000. Ohun tí ó wà lókè ààlà yìí àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣègbé. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tí ó bá ń sọ̀rọ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150. Ẹni tí ó mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà lè rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú irú àwo bẹ́ẹ̀ ti dàrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ènìyàn kì í ṣe ìgbọ̀nrìrì kan ṣoṣo. Ìpìlẹ̀ kan ni ó ní, àwọn ẹlẹgbẹ́ ìpìlẹ̀ náà sì tò lé e lórí ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́rin, títí lọ. Bí ìpìlẹ̀ bá sọnù, etí a máa fi àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ náà mọ ibi tí ìpìlẹ̀ yẹ kí ó wà, bí ẹni tí koríko bo ìdí àkàbà mọ́ lójú ṣùgbọ́n tí ó fi igi òkè àkàbà mọ bí ti ìsàlẹ̀ ṣe jìnnà sí ara wọn tó. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé Yorùbá lè gbọ́ ara wọn yé lórí tẹlifóònù. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í tètè kú.

Kọ́ńsónáǹtì ni ó kú. Ìró s máa ń lágbára jù lọ níbi tí ìgbọ̀nrìrì ti ju 4,000 lọ. Ìró ṣ kò ga tó o, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú òun náà kọjá ibi tí ìwo mọ. Ìró f kò tilẹ̀ ní agbára kan tí ó fi lè dé ojú àwo. Nínú àwo ayé ìwo, se àti ṣe jọ ara wọn, sá àti ṣá jọ ara wọn, olùgbọ́ ni yóò sì fi òye ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó yẹ. Àwọn aláwàdà a máa sọ pé ará Ìbàdàn kì í lè pe ṣ. Bí a bá ní kí a fi ojú ẹ̀fẹ̀ wò ó, àwo ayé ijọ́un sọ gbogbo Yorùbá di ará Ìbàdàn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni máìkì ti wà láyé nígbà náà. Emile Berliner, ọmọ Jámánì tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ti ṣe irú máìkì kan fún tẹlifóònù ní ọdún 1877. Òun kan náà ni ó gba ẹ̀tọ́ lórí gíramafóònù aláwo pẹlẹbẹ ní 1887. Ọwọ́ ọkùnrin kan ni méjèèjì ti jáde, síbẹ̀ ọdún 38 kọjá kí wọ́n tó di tọkọtaya. Máìkì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, tí a fi èédú ṣe, ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo inú àgbá, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ agbára kékeré inú wáyà di ńlá kí ó tó gbẹ́ ìda. Ní 1916, E. C. Wente, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe máìkì kọ̀ńdẹ́ńsà. Nígbà tí ó fi di 1925, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo bẹ̀rẹ̀ sí í fi máìkì àti iná mànàmáná gba orin, ààlà ohun tí àwo lè gbé sì fẹ̀ láti bí 60 dé bí 6,000. Ìró ṣ padà wálé. Ìró s gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó fi èkejì sí òde.

Àyípadà yìí kò pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1928, Domingo Justus kọ orin Yorùbá pẹ̀lú gìtá sí àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kan náà tí àwọn Kumasi Trio láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà ìsinsìnyí, kọ tiwọn níbẹ̀. Ní 1936, Túndé King gbé orin jùjú sórí àwo Parlophone. Ohun tí ó yẹ ní àfiyèsí nípa jùjú ìgbà náà ni pé orin inú ilé ni, orin ẹni díẹ̀ tí wọ́n jókòó yí ara wọn ká nínú pálọ̀ ní Èkó, kì í ṣe orin pápá. Ìwo ìbá má mọ ohun tí yóò fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe. Máìkì ni ó fún ẹni tí ń kọrin jẹ́jẹ́ ní àǹfààní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń ké. Ní Amẹ́ríkà, Bing Crosby ti fi àǹfààní kan náà di olókìkí ṣáájú àkókò yìí. Láti ìgbà náà, ohùn tí ó rinlẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń di ìrántí.

Èkó, Abẹ́òkúta àti Lọ́ńdọ̀nù ni ìtàn àwo àkọ́kọ́ wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀. Ti Ìlọrin gba ọ̀nà mìíràn. Ìlú ilé kéwú ni Ìlọrin, ohùn sì ni iṣẹ́ kéwú fi ń rìn: ìpè ìrun, wáàsí, wákà àwọn obìnrin níbi wòlímà àti ìgbéyàwó, àti orin àwọn ọ̀dọ́ tí ń jí ènìyàn sí sàárì nínú oṣù ààwẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni dàdàkúàdà wà, orin àwọn ọkùnrin tí ó kún fún oríkì, ẹ̀fẹ̀ àti òwe, tí ẹnì kan ń lé tí àwọn elégbè ń gbè, tí ìlù sì ń tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀láyé Àrẹ̀mú, tí ó kú ní 1997, ni orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ jù lọ nínú àwọn olórin náà, ṣùgbọ́n Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeé Àmàó kì í ṣe ẹni tí a lè fi sí ẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ àwo tí akéwì Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n gba ohùn Ọ̀dọ̀láyé sílẹ̀. Ìlọrin bí orin náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ní láti rìn lọ bá máìkì ní ìlú mìíràn.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó mú máìkì wọ inú agboolé. Ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ní ọdún kan ṣáájú, ní 1962, Gerhard Sessler ọmọ Jámánì àti James West, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan ní ilé-ìwádìí Bell tí ìtàn orin Áfíríkà kì í sábà dárúkọ. Wọ́n rí i bí a ṣe lè mú kí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan di agbára iná mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé máìkì kọ̀ńdẹ́ńsà kò ní nílò iná ńlá láti ìta mọ́. Ó wá ṣeé ṣe láti ṣe é kí ó kéré bí ẹyọ àgbàdo, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Irú máìkì yìí ni ó wọ inú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí ó kún gbogbo ilé ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ará Amẹ́ríkà yìí ni ó jókòó lórí tábìlì níwájú àwọn ààfáà, níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìyàwó, láìsí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohùn Ìlọrin tí ó ṣẹ́ kù láti ìgbà náà, tí kò sí lórí àwo, inú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni ó wà. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí wọn yóò ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí ìlù bá dún kíkankíkan, ohùn akọrin a rì bí ẹni tí omi bò, bí gbogbo ènìyàn bá sì dákẹ́, ariwo àgbàlá a bẹ̀rẹ̀ sí í wú: adìyẹ, ọmọdé, alùpùpù tí ń kọjá. Kì í ṣe ẹ̀bi akọrin. Àwọn rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì náà ní ohun kan nínú tí ń fúnra rẹ̀ rẹ ohùn ńlá sílẹ̀ tí ó sì ń gbé ohùn kékeré sókè, kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ má baà ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ohun tí a ṣe láti ran aláìmọ̀ọ́ṣe lọ́wọ́ gbé ìlù lé ohùn lórí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, wọ́n ti da ọ̀pọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà kọ láti orí ọ̀kan sí òmíràn léraléra, ìró òkè a sì máa dín kù ní gbogbo ìgbà tí a bá dà á kọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Ìlọrin ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìlú Yorùbá mìíràn. Orin Ìlọrin kún fún ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Nínú Lárúbáwá, lẹ́tà síín, lẹ́tà ṣáád, lẹ́tà shíín àti lẹ́tà tháá jẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn ni agbára wọn wà lápá òkè, níbi tí ìwo kò dé, níbi tí kásẹ́ẹ̀tì tí a dà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò dé. Yorùbá olùgbọ́ lè fi ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ tún ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sọnù ṣe. Kò sí irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ fún gbólóhùn kéwú inú wákà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ inú wákà àtijọ́ sílẹ̀ láti inú irú kásẹ́ẹ̀tì yìí yóò máa rí àyè tí kò lè fi ìdánilójú kún. Bí akọrin náà bá ti kú, àyè náà yóò wà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Máìkì tí ó wà lọ́jà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lónìí kò ní àbùkù yìí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní dáínámíìkì ní ìwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wáyà tí a ká wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà náà sì ń mì láàárín irin òòfà. Bí ohùn bá ti mi ìwọ́, òòfà a bí iná kékeré nínú wáyà. Kò nílò iná láti ìta, ó sì le koko. SM58 tí ilé-iṣẹ́ Shure ti Chicago gbé jáde ní 1966 ni olókìkí wọn, èyí tí orí rẹ̀ rí roboto bí bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé sì mọ̀ lọ́wọ́ akọrin lórí ìtàgé. Èkejì ni kọ̀ńdẹ́ńsà. Nínú tirẹ̀, ìwọ́ tí ó fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dúró síwájú irin pẹlẹbẹ kan, agbára iná sì wà láàárín wọn. Ó máa ń gbọ́ ohun tí ó kéré jù lọ. Neumann U87 ti Jámánì, tí ó jáde ní 1967, ni ọba wọn, owó rẹ̀ sì ju 3,000 dọ́là lọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ bíi Rode ti Ọsirélíà àti Audio-Technica ti Jàpáàn ti ń ṣe èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀. AT2020 ti Audio-Technica kò ju bí 100 dọ́là lọ, bí owó SM58 gan-an.

Ní ti ìró òkè, méjèèjì kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn tí wọ́n ṣe SM58 sọ pé ó ń gbé láti 50 dé 15,000, AT2020 sì dé 20,000. Síín àti ṣáád kò ní sọnù nínú ọ̀kankan. Ohun tí ìwo gbà lọ́wọ́ Àlùfáà Ransome-Kuti, 100 dọ́là ti dá a padà fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá owó kiri láti ra U87 nítorí kí ọ̀rọ̀ lè mọ́ ketekete kò mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà.

Yàrá ni ìṣòro náà. Máìkì ńlá tí ó ṣí etí sí gbogbo ohun ni a ṣe fún yàrá tí ó dákẹ́, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ rédíò máa ń kọ́ pẹ̀lú ògiri oníbìínú. Yàrá inú agboolé ní Pàkátà tàbí Òkèlele kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì àti ògiri líle ń dá ohùn padà, òrùlé páànù ń ké bí òjò bá kan án, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn, mọ́ṣáláṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè pe ìrun tẹ̀ lé ara wọn. Kọ̀ńdẹ́ńsà yóò kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣòótọ́. Àwọn ọlọ́jà a máa sọ pé dáínámíìkì kì í gbọ́ ariwo. Ọ̀rọ̀ náà kò pé. Dáínámíìkì kò mọ ohun tí í ṣe ariwo yàtọ̀ sí orin. Ohun tí ó wà ńbẹ̀ ni pé kì í gbọ́ dáadáa láìjẹ́ pé akọrin sún mọ́ ọn, ìsúnmọ́ náà ni ó sì ń ṣe iṣẹ́. Bí ẹnu bá kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 10, agbára ohùn tí ó dé máìkì yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ti jẹnẹrétọ̀ ìta kò sì ní kúrò ní bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé dáínámíìkì jẹ́ ti tálákà, kí ó rántí pé nígbà tí wọ́n ń gba Thriller ti Michael Jackson sílẹ̀ ní 1982, nínú sítúdíò tí ó ní gbogbo máìkì olówó ńlá, dáínámíìkì SM7 ti Shure ni Bruce Swedien gbé síwájú rẹ̀. Ohùn akọrin náà ni wọ́n wò kí wọ́n tó yàn, wọn kò wo iye owó.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kọ̀ńdẹ́ńsà àwọn akọrin nílò iná fóòtì 48 tí yóò máa gba inú wáyà máìkì wá. Ìtàn nọ́ńbà náà dùn létí. Ní 1966, ilé-iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè Norway ní kí Neumann ṣe máìkì tí yóò lè lo iná tí ó ti wà nínú sítúdíò àwọn. Iná fóòtì 48 ni wọ́n ní níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tan àtùpà pàjáwìrì, nítorí ilẹ̀ tètè ń ṣú lọ́dọ̀ wọn nígbà òtútù. Báyìí ni nọ́ńbà àtùpà pàjáwìrì ṣe di òfin fún gbogbo ayé, tí ọmọ Ìlọrin fi ń wá fóòtì 48 lójú òkùnkùn tirẹ̀. Àpótí kékeré tí ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà ni ó máa ń pèsè iná náà, láti inú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí náà àìsí iná kò ní dá iṣẹ́ dúró. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí àkókò tí iná lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, jẹ́ àkókò tí ó dára jù lọ láti kọrin.

Nǹkan kan tún wà tí ìwé ìlò máìkì, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kì í sọ fún Yorùbá. Àwọn ìwé náà kún fún ìkìlọ̀ nípa ìró p tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu máìkì tí yóò sì dún gbọ̀ọ̀. P ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. P ti Yorùbá, tí a fi ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n pè lẹ́ẹ̀kan náà, kì í tú afẹ́fẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, gb kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. F ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu máìkì, àti h Lárúbáwá tí ó ti ọ̀nà ọ̀fun wá. Kí akọrin yí máìkì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ti tó láti yẹra fún un.

Gbogbo èyí fi hàn pé ìdáhùn ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ dàdàkúàdà pẹ̀lú ohùn gbọ̀ngbọ̀n nínú yàrá tí ó kọjú sí títì kò nílò ju dáínámíìkì lọ, kí ó sì ṣọ́ra kí ó má ra ayédèrú, nítorí àwọn oníjìbìtì kárí ayé fẹ́ràn láti ṣe ayédèrú SM58. Oníwàásù tí ó ń gba wáàsí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé wà ní ipò kan náà. Akọrin wákà tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tí ó sì mú lè rí i pé kọ̀ńdẹ́ńsà olówó kékeré mú síín rẹ̀ dún jù, bí abẹ́rẹ́ létí. Dáínámíìkì a máa rọ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n arúgbó yàtọ̀. Ohùn ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó ti kọ dàdàkúàdà nígbà èwe rẹ̀ kò lágbára mọ́, a kò sì lè sọ fún un pé kí ó na ọrùn sí máìkì fún wákàtí kan. Bí ohùn bẹ́ẹ̀ bá wọ dáínámíìkì, àpótí olówó kékeré yóò ní láti gbé e sókè púpọ̀, híhó ti àpótí fúnra rẹ̀ yóò sì bá a gòkè. Níhìn-ín ni kọ̀ńdẹ́ńsà ti yẹ, ó sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé ibi tí ó ti wúlò jù lọ yìí ni wọ́n kì í sábà lò ó. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ń nà sí bàbá láti òdìkejì yàrá, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp, èyí tí ń fún ohùn náà pọ̀ kí ó tó gbé e lọ. Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ṣe ni wọ́n tún ń ṣe.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò gba owó púpọ̀. Wọ́n lè fi aṣọ òfì tí ó nípọn, èyí tí Ìlọrin kò ṣe aláìní, kọ́ sí ara ògiri mẹ́ta ní ẹ̀yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó bàbá, kí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé kọ̀ńdẹ́ńsà sí bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu rẹ̀, ẹ̀yìn máìkì náà kí ó kọ sí fèrèsé, nítorí ẹ̀yìn ni kì í gbọ́ràn. Bí onílù bá wà, kí ó jókòó sí apá ẹ̀yìn kan náà, kí ó sì lù ú jẹ́jẹ́. Àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n bá ti kí ìrun iṣáì tán àti ìgbà tí ìlú yóò jí ni ó dákẹ́ jù, àfi nínú oṣù ààwẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú ohùn náà bí kọ̀ǹpútà ti gbà á, láìfún un pọ̀, sí ibi méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì sọ orúkọ bàbá, orúkọ agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú máìkì kí orin tó bẹ̀rẹ̀.